Ojú Ewé Kọkànlélógójì

Ewé kan ni wọ́n gé kúrò nínú ìwé náà. Wọ́n fi abẹ gé e lẹ́bàá rúlà, kò ya, kò rún, àfi bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kó dun ìwé náà.

Orí itan Màmá Atòògbé ni ìwé ọ̀hún wà. Òjò winniwinni ń rọ̀ níta, kọ́tìnì ń mì díẹ̀díẹ̀, ojú màmá sì ti ń lọ. Ẹ má fi ṣẹ̀sín o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì sọ ọ́ ní Atòògbé, torí pé bí ẹjọ́ bá ti ta kókó báyìí, orí àga ni wọn á ti bá a, tí agbọ̀n á ti kan àyà. Wọn á rẹ́rìn-ín títí. Tó bá wá lajú, á dárúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ̀rín á sì gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò tíì fẹ̀yìntì lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ bèèrè.

"Ojú ló sùn, etí ò sùn. Máa bá a lọ."

Aránṣọ ni obìnrin yìí. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó sì gbàgbé téèpù ìwọnṣọ sọ́rùn wá síbẹ̀. Bí ó bá ti rán búláòsì àwọn oníbàárà tán, tí áyọ́ọ̀nù ń tutù, á fa bébà yọ, á máa kọ ìtàn ìfẹ́, irú ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tí òǹkàwé kì í kù síta. Òdòdó Ọ̀sán ló ń pe ara rẹ̀ lára ìwé. Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń gbé e lọ tẹ̀, òun náà ló ń wá ẹni tí yóò rà á.

"Ta ló mọ̀ pé ìwọ ni Òdòdó Ọ̀sán?"

"Ẹni méjì péré, mà. Atẹ̀wé tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́, àti Ìyá Onídìrí tó ń bá mi tà á fáwọn obìnrin tó wá ṣe irun. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹta."

"Ọkọ ńkọ́?"

Ọwọ́ aránṣọ dúró lórí téèpù. "Háà! Màmá, ká má rí i! Tíṣà ni ọkọ mi. Ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í tẹnu wọn jáde bọ̀rọ̀. Kí wọ́n wá gbọ́ pé èmi ni mò ń kọ nǹkan táwọn obìnrin ń kà tí wọ́n ń pa ojú mọ́! Ilé mi tú nìyẹn. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, ilé yẹn nìkan ni mo sì ní láyé." Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a. "Ẹni tó ń gé ìwé yìí mọ̀ mí, màmá. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ mí. Lónìí ó ń gé ìwé. Lọ́la ó lè kọ lẹ́tà sí ọkọ mi."

Màmá la ojú kan. "Mélòó ni wọ́n ti gé?"

"Méjìdínlógójì, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú ewé kan náà ni. Kọkànlélógójì."

"Ibẹ̀ ni ata pọ̀ sí?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ata tí màmá dárúkọ yẹn, àwọn òǹkàwé ló ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ra irú ìwé yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lọ́wọ́ òun. Bí èèyàn bá ya obìnrin tó ṣíṣọ sí ẹ̀yìn ìwé, ojú ni wọn á fi rà á, wọn ò ní fowó rà á. Nítorí náà, aránṣọ máa ń wé ìwé kọ̀ọ̀kan sínú bébà líle bí ẹni wé àwòṣe aṣọ, á fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ pa, á wá fi ṣọ́ọ̀kì aránṣọ fa ìlà pupa sí i. Ìlà kan ni ata kan: wọ́n kàn fẹnu kora wọn lẹ́nu. Ìlà méjì: wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìlà mẹ́ta: kí ẹni tó ń kà á náà yáa lọ ti ilẹ̀kùn tiẹ̀.

"Ata mẹ́ta ni ìwé yìí," aránṣọ sọ. "Ṣùgbọ́n ojú ewé kẹtàlélógún sí kẹrìnlélógún ni ata wà. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Kọkànlélógójì ni ibi tí ọkùnrin inú ìtàn ti sunkún."

"Kí ló pa á lẹ́kún?"

"Ọmọ wọn kú. Ọmọ ọjọ́ mọ́kànlá."

"Ibo lo ti rí ìyẹn?"

"Mo kàn rò ó ni, mà. Orí ló gbé e wá."

Ó yá a lẹ́nu jù. Màmá fi ìka tọ ibi tí wọ́n gé. Abẹ ò dé ìdí ewé náà. Wọ́n fi etí tóóró kan sílẹ̀ níbi tí píìnì gún ìwé pọ̀, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ.

"Ta ló ń gbé ẹrù lọ fún Ìyá Onídìrí?"

"Ọkọ mi ni, ní gbogbo Tọ́sìdeè. Wọ́n á gbé e dání lọ síléèwé láàárọ̀, wọ́n á já a sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Onídìrí bí wọ́n bá ń bọ̀. Àwòṣe aṣọ ni wọ́n pè é. Màmá, ẹ má wò wọ́n o. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn ò tú ẹrù ẹlẹ́rù wò rí."

"Mi ò wo ẹnì kankan," màmá wí, ó sì padà dijú. "Òògbé ló ń kùn mí."

*

Atẹ̀wé ń nu yíǹkì lọ́wọ́ nígbà tí màmá wọlé. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ kàkà-kakà, kàkà-kakà, ohùn tí í múni sùn bí kì í bá ṣe pé ó ń mi ilẹ̀. Ìwé orin ìsìn ló ń tẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Wọ́n ní o ti di ẹni Ọlọ́run," màmá kí i.

"Ọjọ́ ti pẹ́, mà."

"Ìwé Òdòdó Ọ̀sán ò wá bá ẹ̀rí ọkàn rẹ jà?"

Ọkùnrin náà dúró. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Màmá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Bí mi ò bá fẹ́ kí ojú ewé kan wà níbẹ̀, kí ni mo ń fi abẹ wá a kiri sí? Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ ni! Ẹ wò ó." Ó na ọwọ́ mú ìwé kan, ó ṣí àárín rẹ̀. "Bébà ńlá là ń tẹ̀, a ó wá ká a sí méjì, ká tó fi píìnì gún un láàárín. Èyí tó jẹ́ kọkànlélógójì níhìn-ín, bébà kan náà lòun àti kẹrìnlélógún lọ́hùn-ún. Ìbejì ni wọ́n. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tìdí-tìdí, èkejì á já bọ́ fúnra rẹ̀."

"Àyàfi tí mo bá fi etí díẹ̀ sílẹ̀."

"Àyàfi bẹ́ẹ̀. Kí píìnì lè rí nǹkan dì mú."

Màmá mi orí. Ojú rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ tábìlì, níbi tí ìwé kan wà lábẹ́ àkísà, tí ìlà pupa mẹ́ta hàn lára bébà rẹ̀. "Ta ló ni ìyẹn?"

"Èyí? Ah. Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, mà. Bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

Atẹ̀wé wo ìwé orin, ó wo òkè àjà, ó ní: "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mà."

Màmá rẹ́rìn-ín dé ojú títì. Ẹni tó bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀marùn-ún kì í fi abẹ gé e.

*

Abẹ pọ̀ nílé Ìyá Onídìrí ju ibikíbi lọ. Páálí abẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, òun ni wọ́n fi ń gé irun ẹ̀yìn ọrùn. Màmá rí i, Ìyá Onídìrí sì rí i pé màmá rí i, ló bá gbaná jẹ.

"Èmi! Èmi tí wọ́n ń bú! Lánàá ni nọ́ọ̀sì kan ju ìwé padà sí mi lójú, ó ní mo ti yọ ibi tó dùn jù, mo lọ fi pamọ́! Ẹ gbọ́ o, màmá, ìdì tí mo tà, àwọn ló fọwọ́ ara wọn já a lójú mi níbí. Bó ṣe dé ni mo ṣe ń tà á."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ fojú sọ ọ́."

"Ó dáa, fún mi níjòókòó, kí ojú mi sinmi."

Ló bá jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Ẹ̀rọ náà ń kùn, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí i létí, òjò ò dá lójú fèrèsé. Obìnrin méjì tí wọ́n ti rọ́ irun mọ́ lórí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oorun ń gbé wọn lọ. Òórùn ọṣẹ àti òróró irun gba gbogbo ilé. Ibẹ̀ tu èèyàn lára débi tí a lè gbàgbé orúkọ ara ẹni.

"Irú àwọn wo ní ń rà á?" màmá bèèrè pẹ̀lẹ́.

Inú Ìyá Onídìrí rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn ni wọ́n dé yìí. "Màmá, ẹ ò lè fojú mọ̀ wọ́n. Ìyàwó tuntun, ata kan ló ń rà, ojú ṣì ń tì í. Ẹni tó bá ń pariwo pé irú ìwé báyìí ò dáa, ẹ lọ fi ata mẹ́ta pamọ́ dè é. Màmá àgbà kan ń bẹ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ní òun fẹ́ rán ara òun létí nǹkan kan ni." Ó gbé agolo kan wá. "Àṣírí iṣẹ́ wa nìyí. Bébà pélébé kan wà lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Òdòdó Ọ̀sán kọ síbẹ̀: *Ojú ewé wo lẹ kà lẹ́ẹ̀mejì?* Wọn á dá a lóhùn, wọn á jù ú síhìn-ín, láìkọ orúkọ. Èmi ì bá ti búra pé ata ni gbogbo wọn máa kọ."

Màmá tú bébà wọ̀nyẹn sí orí itan. Ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

*Kọkànlélógójì.*

*Ibi tó ti sunkún. Mo ní kí ọkọ mi wá kà á, ó ní kí n pa iná.*

*Ata mẹ́ta ni mo rà, ẹkún ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ṣeun.*

*Kọkànlélógójì. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ irú ẹ̀.*

"Bó ṣe rí nìyẹn," Ìyá Onídìrí wí. "Àwọn obìnrin yìí, ata ló mú wọn wọlé, ọkùnrin tó ń sunkún ló dá wọn dúró. Nígbà tí a rí i bẹ́ẹ̀, mo sọ fún Òdòdó Ọ̀sán pé, ọjà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń jẹ́. Ló bá ní ká lẹ ìyẹn mọ́ ògiri."

Bébà fífẹ̀ kan wà lára ògiri lóòótọ́, lókè dígí: *Ṣé o ti ka ojú ewé kọkànlélógójì? Ọkùnrin náà tún ń bọ̀ nínú ìwé tuntun. Sátidé ìparí oṣù.*

"Ìgbà wo lẹ lẹ̀ ẹ́?"

"Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Mọ́ńdè."

"Ìwé tó dé ní Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé."

"Fún mi ní èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú. Kí o sì wá èyí tó pé fún mi."

Ìyá Onídìrí fún un ní ìdì kan, ó sì fa tirẹ̀ tó ti pẹ́ yọ láti ìsàlẹ̀ àpò, ó ti rún. Màmá ṣí i sí kọkànlélógójì.

*Wọ́n ní kó jẹun, kò jẹ. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orí ẹ̀ ni." Ìyàwó ò rí èsì fún un. Ó di ọwọ́ náà mú, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.*

Màmá kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Ó pa ìwé dé, ó dijú, ẹ̀rọ ń kùn lórí rẹ̀, òun àti oorun sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Nínú oorun yẹn ó rí ọwọ́ méjèèjì ọkùnrin kan tó kó ara pọ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú wọn. Ó rí abẹ. Abẹ ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó dé etí ewé, ó dúró. Kí ló dé tó dúró?

Èèyàn tó fẹ́ràn ojú ewé yìí á gé ẹyọ kan, á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Kí ló fẹ́ fi méjìdínlógójì ṣe? Ẹni tí ìwé ń bí nínú ńkọ́, olùfọkànsìn, ọ̀tá? Ìyẹn á fa kọkànlélógójì ya tìdí-tìdí, inú rẹ̀ á sì dùn bí ojú ewé oní-ata bá tẹ̀lé e já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni yìí fi etí sílẹ̀. Ó rọra ṣe é kí kẹrìnlélógún má bàa já, kí ìwé má bàa tú. Ó fẹ́ kí ojú ewé kan ṣoṣo kúrò láyé, ó sì ń ṣàánú ìyókù. Ọ̀tá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìwé yìí ni, tàbí ẹni tó fẹ́ràn ẹni tó kọ ọ́.

Ó lajú. Ó gbé ìdì tí wọn ò tíì tú sójú ìmọ́lẹ̀. Sítáàṣì aránṣọ ti gbẹ, ó ti là wẹ́wẹ́. Lórí rẹ̀, nǹkan mìíràn ń dán. Màmá fi ìka tútù kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Góòmù," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ẹnì kan tú u, ó sì tún un lẹ̀."

Ó wá kọjú sí Ìyá Onídìrí. "Ọkùnrin ha máa ń wọ ibí?"

"Kí ni ọkùnrin fẹ́ wá ṣe níbí? Àfi ọkọ aránṣọ, òun náà ẹnu ọ̀nà ni í dúró sí. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣá, òjò ló ká a mọ́. Ó jókòó síbi tí ẹ wà yẹn gan-an."

"Ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tí a lẹ bébà yẹn. Ọjọ́ náà, obìnrin kan ń ka kọkànlélógójì sókè fáwọn yòókù. Èkejì ní, 'Jọ̀ọ́, tún un kà.' Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Tíṣà ti dìde. Ó ní orí ń fọ́ òun. Inú òjò yẹn náà ló gbà lọ, kò wọ fìlà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ màmá lára. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ikú ilé ní í pani. Ṣùgbọ́n èyí ò jọ ikú lójú tirẹ̀.

*

Àwọn ọmọ ti lọ sílé nígbà tó dé ilé ìwé. Kíláàsì ṣófo, ìṣirò ìdajì àti ìdámẹ́rin ṣì wà lójú pátákó. Tíṣà jókòó láàárín òkìtì ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ, ìgò góòmù wà lọ́tùn-ún rẹ̀, rúlà irin wà lósì. Ó ń tún ìwé kan lẹ̀, èyí tí ọmọ kan ti fa ewé rẹ̀ ya.

"Ẹ káàsán, mà. Ọmọ yín wà ní kíláàsì wa ni?"

"Rárá. Kí ló ṣe ìwé yẹn?"

"Ó fa ewé iwájú ya láti fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ti ẹ̀yìn sì já tẹ̀lé e. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn. Mo ní bí ẹ bá tilẹ̀ máa ya á, ẹ fi etí díẹ̀ sílẹ̀."

Ó gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Màmá fa bẹ́ǹṣì kékeré kan, ó jókòó.

"Ṣé òun ló rán yín?" Tíṣà bèèrè.

"Kò mọ̀ pé mo wá. Ẹ̀rù ló ń bà á pé o lè gbọ́ pé òun ni Òdòdó Ọ̀sán."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn. "Màmá, mo ti mọ̀ láti ọdún méjì. Mo rí bébà kan lábẹ́ máṣíìnì, mo kà á tán ní ìdúró. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi ní láti jókòó. Mi ò mọ̀ pé ó lè pani lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n má sọ, kó lè ní nǹkan kan tó jẹ́ tiẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, abẹ́ ẹ̀wù mi ni mo ń gbé ìwé ẹ̀ sí. Ìgbà ìdánwò ni eléyìí jáde, mi ò ráyè kà á. Òun nìkan ni mi ò kà."

"O wá gbọ́ ọ lẹ́nu àjèjì."

"Ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orí ẹ̀ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka nǹkan tí wọ́n kọ síbi jíjìn. "Èmi ni mo sọ ọ́, màmá. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án. Èmi àti òun nìkan la wà ní yàrá yẹn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Obìnrin kan wá ń kà á pẹ̀lú irun tútù lórí, wọ́n ní kó tún un kà." Ó nu ojú. "Inú bí mi. Kí n má parọ́, inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, mi ò lè bà á jẹ́. Mo kàn fẹ́ mú tèmi kúrò níbẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí o ò bá a sọ ọ́?"

"A kì í sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Mo rò pé tí mo bá dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀, ìyàwó mi lè ṣubú, mi ò ní lè gbé e dìde."

Inú wá bí màmá náà. Ó dìde. "Ọdún mẹ́sàn-án! O wá fi obìnrin náà sí ìdákẹ́jẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó ń yà ọ́ lẹ́nu pé ó lọ sọ ọ́ fún àjèjì? Kí lo fẹ́ kó bá sọ ọ́, áyọ́ọ̀nù? Ó ń dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kò rí oorun sùn, ó ń rò pé ọjọ́ tó o bá mọ̀ lo máa lé e jáde. Ẹ̀yin méjèèjì ń fi àṣírí pa ara yín nínú ilé kan ṣoṣo! Ó yá, dìde. Ibi tó o kó wọn sí, kó wọn."

Tíṣà ò jiyàn. Ó ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó gbé páálí ṣọ́ọ̀kì kan jáde. Kò jó ẹyọ kan nínú wọn, kò rún wọn. Gbogbo wọn ló tò sínú páálí náà, etí wọn ṣe déédéé.

*

Òjò ti dá nígbà tí wọ́n dé. Aránṣọ wà nídìí máṣíìnì, ìdì ìwé tuntun yí i ká nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún sítáàṣì. Ó rí ọkọ rẹ̀. Ó rí màmá lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà.

"Mo gbé," ó wí. "Màmá, ẹ ti pa mí."

"Kò sí ẹni tó pa ẹ́. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Tíṣà gbé páálí náà sórí tábìlì ìgéṣọ, ó ṣí i. Aránṣọ wo inú rẹ̀. Ó mú ewé kan, ó mú èkejì. Ó pẹ́ kó tó yé e.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti ọdún méjì. Mo ka gbogbo wọn. Wọ́n dáa."

Ó yẹ kí ara tù ú. Ara kò tù ú. Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò sùn! Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo dùbúlẹ̀ sí, tí mo ń wo òkè àjà, ẹ̀yin lẹ gé ìwé mi!"

"Omijé mi lo lẹ̀ mọ́ ògiri onídìrí."

"Tèmi ńkọ́?" Ó fi ọwọ́ sítáàṣì lu àyà. "Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sunkún fún un níṣojú mi. Ẹ̀ẹ̀kan! Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ wẹ̀, ẹ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mò ń ṣe bí ẹni tí kò bímọ rí. Ìgbà tí mo kọ ọ́ síbẹ̀ ni mo tó tún rí yín lẹ́sẹ̀ ibùsùn yẹn. Mo kọ ọ́ kí n lè bá yín jókòó síbẹ̀ ni."

Màmá fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ìdí tí wọ́n fi pè é ti tán, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kóun máa lọ, ṣùgbọ́n kò lọ.

Nígbà tó yá, aránṣọ nu ojú. "Mo ṣẹ̀ yín. Ó yẹ kí n bi yín léèrè. Màá yọ ọ́. Nínú ti Sátidé, nínú gbogbo ẹ̀. Màá lọ bá atẹ̀wé lónìí."

Ọkùnrin náà mú ewé tó wà lókè pátápátá. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ìka tọ ìlà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà.

"Fi í sílẹ̀," ó wí. "Jẹ́ kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ náà ò sí níbẹ̀."

"Mi ò lè kọ ọ́. Mo gbìyànjú. Ọwọ́ mi kọ̀."

"Pè é."

Aránṣọ mi orí. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Tíṣà bá yí tábìlì ká, ó wá dúró tì í. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú sítáàṣì tó wà lára wọn. Ó pe orúkọ ọmọ náà, kò pariwo, ó kàn pè é bí bàbá ṣe ń pe ọmọ tó wà ní yàrá kejì. Ìyàwó rẹ̀ wá pè é tẹ̀lé e.